Ẹ Má Pe Ẹni Tí Kòrónà Fi Sílẹ̀ Ní Ọ̀lẹ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́ ní Pleasure, ní ojú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, tí kò kúrò ní ọkàn mi. Ọkọ obìnrin kan tí ó ń ta aṣọ níbẹ̀ ni ó ń fi ìyàwó rẹ̀ sùn mí. Ó ní láti ìgbà tí kòrónà ti mú un, kò lè ru ẹrù mọ́. Bí ó bá gun àtẹ̀gùn, yóò jókòó. Bí ó bá fọ aṣọ lónìí, ọ̀la yóò sùn títí di ìrọ̀lẹ́. "Àìsàn náà ti tán, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kò rí nǹkan kan. Ìmẹ́lẹ́ ni ó kù."

Mo sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀, n ó sì sọ fún ẹ̀yin náà.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni a rí ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní kòrónà ní Nàìjíríà, ní Yaba ni wọ́n sì ti tọ́jú rẹ̀. Nígbà náà, iye ẹni tí ó kú àti iye ẹni tí a dá sílẹ̀ ni a ń kà. Ẹni tí a bá ti dá sílẹ̀, a gbà pé ó ti bọ́. Ṣùgbọ́n Bolanle Osikomaiya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò dákẹ́ síbẹ̀. Wọ́n wo ọ̀rọ̀ àwọn 274 tí a tọ́jú ní ìpínlẹ̀ Èkó, ìwé tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2021 sì sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún irú wọn, bí 41 ni àìsàn náà kò tíì fi sílẹ̀ tán. Àárẹ̀ àti orí fífọ́ ni ó pọ̀ jù, àyà dídùn sì tẹ̀ lé wọn. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe òyìnbó ni wọ́n yẹ̀ wò. Ará Èkó ni, irú èmi àti ẹ̀yin.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé la ọ̀rọ̀ náà yé wa. Bí ó bá di oṣù mẹ́ta tí kòrónà ti bẹ̀rẹ̀ lára ènìyàn, tí àárẹ̀, àìlèmí dáadáa tàbí ìgbàgbé sì ń bá a fínra fún oṣù méjì ó kéré tán, tí a kò rí àìsàn mìíràn tí ó fà á, òun náà ni. Long COVID ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Èmi a máa pè é ní àjẹkù kòrónà.

Àwọn àrùn mìíràn náà a máa ṣẹ́ àjẹkù. Ibà Lassa, tí a fi orúkọ ìlú Lassa ní Bọ̀rnó pè láti ọdún 1969, a máa ba etí bí ẹnì kan nínú mẹ́rin jẹ́ lára àwọn tí ó bá yè é. Àwọn tí Èbólà fi sílẹ̀ ní Làìbéríà ń ráhùn oríkèé ríro àti ojú dídùn.

Ọkọ yóò ní kí ó máa fi ara ṣiṣẹ́ kí ó lè le. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Àwọn onímọ̀ ní Amsterdam kó aláìsàn 25 jọ, tí ara wọn máa ń burú sí i lẹ́yìn iṣẹ́, pẹ̀lú ènìyàn 21 tí ara wọn dá. Wọ́n ní kí gbogbo wọn wa kẹ̀kẹ́ títí agbára wọn yóò fi tán. Wọ́n bu díẹ̀ nínú ẹran itan wọn ṣáájú, wọ́n sì tún bù ú ní ọjọ́ kejì. Ìwé wọn jáde ní ọdún 2024: iṣan àwọn aláìsàn náà fi ara pa ju ti àwọn yòókù lọ, ibi tí iṣan ti ń rí agbára kò sì ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Ṣé ìmẹ́lẹ́ ni èyí?

Nítorí náà, ẹ̀yin ọkọ, àti ẹ̀yin ìyá ọkọ pẹ̀lú, ẹ jẹ́ kí ó pín iṣẹ́ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Kí ó sinmi kí ó tó rẹ̀ ẹ́, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti dákú. Bí ó bá fọ aṣọ ní àárọ̀, kí ẹlòmíràn gún iyán ní alẹ́. Ọmọ tí ó ti dàgbà lè pọn omi. Ọkọ náà lè pọn ọ́n, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí oníkẹ́míìsì máa gún un ní abẹ́rẹ́ ibà àti táífọ́ọ̀dì láìyẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Kì í sì í ṣe gbogbo àárẹ̀ ni kòrónà fà. Ìtọ̀ ṣúgà, àìtó ẹ̀jẹ̀, àìsàn ọkàn àti ikọ́ ẹ̀gbẹ a máa mú kí ó rẹ ènìyàn, wọ́n sì ní ìtọ́jú. Ilé ìwòsàn ìjọba Alimosho wà ní Ìgàndó, àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ kì í sì í gba owó ní ilé ìwòsàn ìjọba. Bí àyà bá ń dùn ún gidigidi, tí kò lè mí, tàbí tí òòyì gbé e ṣubú, ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Kò tíì sí oògùn kan tí ó ń wo àjẹkù kòrónà sàn. Ẹni tí ó bá ń polówó rẹ̀ fún yín nínú bọ́ọ̀sì, owó yín ni ó fẹ́.

Ọkọ náà bi mí pé títí di ìgbà wo. Mo ní ẹlòmíràn a máa gbádùn láàárín oṣù díẹ̀, ti ẹlòmíràn a máa ju ọdún kan lọ. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́.

Ó yẹ kí ìjọba Èkó máa pe irú àwọn 274 wọ̀nyẹn padà ní ọdọọdún, kí a mọ ẹni tí ara rẹ̀ ti padà àti ẹni tí tirẹ̀ kò padà. Kí wọ́n sì kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì wa láti máa bi ẹni tí ó bá mú àárẹ̀ wá bóyá kòrónà ti mú un rí.