Rìsíìtì Ilẹ̀ Inú Àpótí Kò Tó Dógò

Ọ̀rọ̀ owó yíyá ni mo mú wá lóṣù yìí. Bí ẹnìkan bá fẹ́ yá owó ńlá, ohun tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù máa ń ṣe ni pé wọn á gba ìwé ilé tàbí rìsíìtì ilẹ̀ rẹ̀, wọn á tì í mọ́ àpótí, ọkàn wọn á sì balẹ̀. Èmi ní kí ọkàn wa má tíì balẹ̀.

Ẹjọ́ kan wà tí àwọn lọ́yà tó ń ṣe ẹjọ́ ilẹ̀ àti ti òwò mọ̀ bí ẹni mowó: ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ní 1989. Wọ́n ti fi ilé dógò ní báńkì náà. Nígbà tí báńkì fẹ́ ta ilé ní gbànjo nítorí gbèsè, onílé gba kọ́ọ̀tù lọ. Ó ní gómìnà kò fọwọ́ sí i nígbà tí àwọn fi ilé náà dógò, nítorí náà ìwé náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ gbọ́ o, ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ fi ilé dógò ló ń sọ bẹ́ẹ̀! Ó sì jàre. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 ni wọ́n tẹ̀ lé: abala 22 ní kí gómìnà fọwọ́ sí i kí ènìyàn tó ta irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tàbí kí ó fi í dógò, abala 26 sì ní òfo ni èyí tí a bá ṣe láìtẹ̀lé òfin náà. Ẹni tó ti ní ilẹ̀ rẹ̀ kí òfin náà tó dé pàápàá kò bọ́ níbẹ̀.

Òótọ́ ni pé ní 1996, nínú ẹjọ́ Ugochukwu àti Co-operative and Commerce Bank, ilé-ẹjọ́ kan náà kò gbà kí onígbèsè fi ẹ̀bi ara rẹ̀ jàre. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ṣé a ó wá fi owó àwọn ìyá aláṣọ àti oníṣu wa ṣe ẹjọ́ títí dé Àbújá ni?

Ẹnìkan á ní, “Ọ̀rọ̀ àwọn ará Èkó nìyẹn, kí ló kan Osi àti Iloffa?” Ó kàn wá. Ilẹ̀ tí ìjọba kò tíì kà mọ́ ti ìlú ńlá, abala 21 ní ìjọba ìbílẹ̀ ni yóò fọwọ́ sí i. Araromi-Opin ni ti Ekiti wà, Iloffa ni ti Oke-Ero. Ẹni tó bá mú ilé Ìlọrin wá, ọ̀dọ̀ gómìnà ni tirẹ̀.

Ilé ẹbí tún nìyẹn, òun ló sì ń bà mí lẹ́rù jù nílẹ̀ wa níbí. Ọmọkùnrin kan kọ́lé sórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ó mú un wá fún wa. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ tà á ni àwọn ẹ̀gbọ́n yóò dé: “Ta ló ní kó fi ilẹ̀ bàbá wa dógò?” Láti 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, ni ilé-ẹjọ́ ti sọ pé bí ọmọ ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni. Bí olórí ẹbí bá dá a tà, àwọn àgbà ẹbí yòókù lè ní kí kọ́ọ̀tù fagi lé e.

Nítorí náà, kí a gba lọ́yà kí owó tó jáde. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó dé wíìgì ló mọ iṣẹ́ yìí. Kí a bi í léèrè iye ìwé ilẹ̀ tó ti gbé dé ọ́fíìsì ìjọba rí. Kí ó má sì jẹ́ lọ́yà ẹni tó ń yáwó! Ẹni tó ń yá owó ńlá ni kó san owó rẹ̀. Ẹni tó ń yá owó iṣu, onídùúró méjì ti tó o, ẹ má fi lọ́yà yọ ọ́ lẹ́nu.

Mo fẹ́ kí ìgbìmọ̀ gbé e wá sí ìpàdé gbogboogbò. Kí ọjọ́ náà tó pé, kí akọ̀wé ṣí àpótí, kí ó ka iye ìwé inú rẹ̀ tí gómìnà tàbí ìjọba ìbílẹ̀ fọwọ́ sí, kí ó sì kà á sí wa létí.