Ẹ Má Torí Bọ́ọ̀sì Jákujàku Pa Ìrìn-àjò Wa Rẹ́

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin àbúrò mi tí a jọ ń pàtẹ ní Ìpara,

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ní ìpàdé wa tó kọjá ló mú mi kọ ìwé yìí. Ẹ rántí pé ìyá kan nínú wa dìde, ó ní kí ẹgbẹ́ pa ìrìn-àjò afẹ́ ọdọọdún rẹ́ pátápátá, kí a máa fi owó rẹ̀ ra aṣọ ẹgbẹ́. Ọ̀pọ̀ pàtẹ́wọ́ fún un. N kò bínú sí wọn rárá. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ohun tí ojú wa rí nígbà tí a lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2024 kì í ṣe kékeré. Ìyálọ́jà ti ní ìpàdé tó ń bọ̀ la máa dìbò lé e lórí. Kí a tó dìbò, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, nítorí èmi náà jẹ̀bi.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Èmi wà nínú àwa márùn-ún tí ẹgbẹ́ rán pé kí a lọ wá ọkọ̀. Ọkọ̀ méjì la rí. Àkọ́kọ́ jẹ́ Coaster, ó mọ́ tónítóní, táyà rẹ̀ ṣì ní eyín, onítọ̀hún ní ₦180,000 lòun máa gbà ní àlọ àti àbọ̀. Èkejì jẹ́ bọ́ọ̀sì gbọọrọ kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti àkọ́bí mi. ₦110,000 lẹni yẹn ní ká mú wá. Ẹ sì mọ bí nǹkan ṣe rí. Kó tó di ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, jálá epo bẹntiróò kan kò tó ₦200. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ó ti ju ₦480 lọ, nígbà tí a sì fẹ́ lọ sí Ifẹ̀ yìí, ó ti kọjá ₦1,000. Owó ọkọ̀ tí a fi ń gbé gàrí àti obì ti jẹ èrè wa tán. Ta ló máa rí ₦70,000 tí kò ní fẹ́ mú un sápò? Àbúrò wa kan ní ọkọ̀ kejì yẹn kò dá òun lójú. Èmi ni mo dá a lóhùn pé, “Ṣé afẹ́fẹ́ tútù la fẹ́ lọ jẹ ni?” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe borí nìyẹn.

Ẹ wá wo ara wa, àwa tí a kì í ra àpò ẹ̀wà kan láìjẹ́ pé a ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí a wò ó bóyá kòkòrò wà níbẹ̀! Kò sí ẹnì kan nínú wa tó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bọ́ọ̀sì yẹn.

Àwa 28 la lọ. ₦5,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan dá, ó jẹ́ ₦140,000. A san ₦110,000 fún ọlọ́kọ̀, ₦30,000 tó kù sì wà fún owó ìwọlé àti ohun mímu. Aago mẹ́fà àárọ̀ la fi àdéhùn sí, bọ́ọ̀sì kò dé títí aago mẹ́jọ fi ku ìṣẹ́jú díẹ̀. A jáde sí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, orin ló gba ẹnu wa kan títí tí a fi kọjá Ìbàdàn. Kí a tó dé Ìkirè, èéfín sọ lẹ́yìn ọkọ̀, ariwo kan dún ní abẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ dákẹ́. Dírẹ́bà ní omi ló gbẹ. A fún un ní gbogbo omi tí a gbé dání láti mu. Kì í ṣe omi. Bẹ́líìtì ti já, rédíétọ̀ ti lu.

Oòrùn mú wa ní ẹ̀bá títì fún ohun tó ju wákàtí méjì lọ. Ibẹ̀ ni ìyá wa kan tó ń ta ẹja ti fẹ́ sọdá lọ jókòó lábẹ́ igi, tí tírélà kan sáré kọjá débi pé atẹ́gùn rẹ̀ gba gèlè lórí ìyá. Ìyá ṣubú, ẹsẹ̀ rọ́. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Mo rántí afẹ́fẹ́ tútù tí mo fi ṣe ẹlẹ́yà, mo wo ìyá arúgbó tí wọ́n ń fi òrí pa lẹ́sẹ̀ nínú koríko, ojú tì mí. Bí tírélà yẹn bá fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sún mọ́ ọn sí i, kí ni à bá wí fún àwọn ọmọ rẹ̀? Pé a fi ₦70,000 pamọ́?

A dá ọkọ̀ míì dúró lójú ọ̀nà, mẹ́ta-mẹ́ta, mẹ́rin-mẹ́rin, ₦1,500 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan dé Ifẹ̀, a sì fún mẹkáníìkì ní ₦15,000 kó bá dírẹ́bà tún ọkọ̀ ṣe, kó lè wá bá wa lọ́hùn-ún. Ní Ìkirè, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wá, ẹ mọ̀ pé a kò lè kọjá láìra dòdò wọn, èyí tí wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n rà gún pẹ̀lú ata, tí wọ́n dín títí tó fi dúdú. Ẹnì kan nínú wa ti ń bèèrè iye tí wọ́n máa ta apẹ̀rẹ̀ kan fún un tó bá fẹ́ máa kó o wá sí Rẹ́mọ. Ọjà kò kúrò lára wa.

Ní Ifẹ̀, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó ara wa jọ ni ọmọkùnrin kan yọ sí wa lẹ́bàá títì, ó kí wa tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní òun ni òun máa ń mú àlejò káàkiri, ₦500 ni owó ìwọlé ẹnì kọ̀ọ̀kan sí gbogbo ibi tí a fẹ́ rí. A kó ₦14,000 fún un. Ó mú wa dé ìdí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, ó ní òun fẹ́ lọ gba rìsíìtì wá. Títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, rìsíìtì kò tíì dé. Àwa tí a máa ń mọ ayédèrú owó tí a bá ti fi ìka kàn án! A tún san owó ìwọlé níbi gbogbo tí a dé.

Nígbà tí a máa fi dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà nítòsí ààfin, wọ́n ti ń múra àtiti ilẹ̀kùn. Àánú wa ṣe wọ́n, wọ́n jẹ́ kí a wọlé wò ó gììrì. Nígbà tí bọ́ọ̀sì wa dé bá wa, ilẹ̀ ti ṣú, iná iwájú rẹ̀ kan ṣoṣo ló sì ń tàn. Ta ló máa gbé 28 obìnrin gba márosẹ̀ lóru pẹ̀lú ọkọ̀ olójú kan, pẹ̀lú gbogbo ohun tí a ń gbọ́ nípa àwọn ajínigbé? Ilé epo kan ní Ìbàdàn la sùn, lórí ìjókòó. Ọjọ́ kejì la délé, ìsọ̀ wa ní títì pa.

Nígbà tí mo délé, mo fi bírò ṣírò rẹ̀. Owó bọ́ọ̀sì ₦110,000, mẹkáníìkì ₦15,000, ọkọ̀ tí a wọ̀ dé Ifẹ̀ ₦42,000, ọmọkùnrin onírìsíìtì ₦14,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦181,000. Coaster tí mo fi ṣe ẹlẹ́yà, ₦180,000 ni. A kò tíì ka ẹsẹ̀ ìyá ẹlẹ́ja, a kò tíì ka ọjà ọjọ́ kan tí a pàdánù.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní a ṣe àṣìṣe, òótọ́ ló sọ. Ẹni tó bá ní kí a má lọ mọ́ ni n kò gbà fún. Nígbà tí ọkọ̀ gàrí bá bàjẹ́ lọ́nà, ṣé gàrí la máa ń jáwọ́ níbẹ̀ ni àbí ọlọ́kọ̀?

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ní, “Kí la lọ wò níbẹ̀? Òkúta.” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù gbọ́ mi. Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 18, òkúta akọ ni, wọ́n sì gbá ìṣó irin mọ́ ọn lára. Ẹ bi ara yín léèrè bí wọ́n ṣe gbá ìṣó mọ́ irú òkúta bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Àwọn orí idẹ Ifẹ̀ tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, tí kò jìnnà sí ààfin, ni wọ́n kan àwọn orí yìí nínú ilẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wà ní London títí di òní. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní 1910, òyìnbó Jámánì kan, Leo Frobenius, dé Ifẹ̀, ó rí orí Olókun, ó fi owó tí kò tó nǹkan rà á, kí àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì tó ní kó dá a padà. Ó ní kò lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ aláwọ̀ dúdú, pé àwọn ará ìlú kan tó ti rì sínú òkun ló gbọ́dọ̀ ti ṣe é. Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ìyá aláta wa kan dúró síwájú orí amọ̀ kan, kò kúrò. Nígbà tí mo fà á lọ́wọ́, ó ní, “Ojú ìyá mi rèé.” Ó ti lé ní 30 ọdún tí ìyá rẹ̀ ti kú, kò sì ní fọ́tò rẹ̀ kan ṣoṣo.

Ẹ tún gbọ́ èyí tó kan òwò. Ibì kan wà ní Ifẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Igbó Olókun. Àwọn onímọ̀ tó wa ilẹ̀ rẹ̀ ní 2011 àti 2012 rí ìlẹ̀kẹ̀ dígí tó ju 12,000 lọ níbẹ̀. Ifẹ̀ níbẹ̀ gan-an ni wọ́n ti yọ́ dígí yẹn, láàárín nǹkan bí 1,000 ọdún sí 600 ọdún sẹ́yìn. Irú ìlẹ̀kẹ̀ yẹn dé Gao ní ilẹ̀ Màlì. Ẹnì kan ló gbé e débẹ̀, ẹnì kan ná an, ẹnì kan jèrè. Àwọn oníṣòwò bíi tiwa ni. A kò ráyè dé Igbó Olókun lọ́jọ́ yẹn nítorí bẹ́líìtì tó já.

Ti àwọn obìnrin ńkọ́? Lúwòó, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ni ìtàn ní ó mú kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ojú ọ̀nà ìlú. Mọ̀rèmi ẹ̀wẹ̀, gbogbo wa ló mọ ìtàn rẹ̀ láti kékeré, bó ṣe jẹ́ kí ọ̀tá mú òun lẹ́rú kó lè mọ àṣírí wọn, àti ohun tí ẹ̀jẹ́ tó jẹ́ fún Ẹsìnmìrìn gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ère rẹ̀ tí Ọọ̀ni Adéyẹyè Ògúnwùsì gbé kalẹ̀ ní 2016 ga ní ẹsẹ̀ bàtà 42. Àwa tí bàbá wa ń sọ fún wa pé láti Ìrẹ́mọ ní Ifẹ̀ la ti ṣí wá sí Rẹ́mọ, ṣé ẹnu la ó kàn máa fi sọ ọ́?

Ohun tó dùn mí jù rèé. A máa ń rìn o. A ń lọ sí Èkó, a ń lọ sí Ìbàdàn, àwọn kan nínú wa ń dé Cotonou. Àmọ́ ẹrù là ń tẹ̀ lé. Bí ẹrù bá ti wọ ọkọ̀, àwa náà á wọ̀ ọ́, bí ẹrù bá bọ́ sílẹ̀, a bọ́ sílẹ̀. Ìyá ẹlẹ́ja tó ṣubú yẹn sọ fún mi ní ilé epo lóru pé láti ìgbà tí òun ti dáyé, ìgbà àkọ́kọ́ tí òun wọ ọkọ̀ jáde kúrò ní Rẹ́mọ láìní ẹrù nìyẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí ìgò. Mo bi í bóyá á tún lọ. Ó ní, “Ẹ bá mi wá ọkọ̀ gidi.”

Ohun tí màá gbé wá sí ìpàdé nìyí. Ká ní Coaster la gbé, ₦7,500 ni ì bá kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, owó ìwọlé ti wà nínú rẹ̀. Bí a bá ń dá ₦150 lọ́sẹ̀ bíi àjọ, ní 50 ọ̀sẹ̀ owó náà ti pé. Tí owó ọkọ̀ bá tún lọ sókè, a ó fi díẹ̀ kún un. Kí ẹgbẹ́ mú mẹkáníìkì tí kì í ṣe ẹbí ọlọ́kọ̀ lọ wo ọkọ̀ kí a tó san kọ́bọ̀. Kí a bá àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sọ̀rọ̀ ṣáájú ọjọ́, kí wọ́n fún wa ní ẹni tó máa mú wa káàkiri, kí ó má jẹ́ ẹni tó dọ̀bálẹ̀ lẹ́bàá títì. Kí ìgbìmọ̀ tó ń wá ọkọ̀ má ní èmi nínú.

₦150 tèmi ti wà nílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà lórí ọ̀rọ̀ yìí kó tó di ọjọ́ ìpàdé, ó mọ ìsọ̀ mi, kó máa bọ̀, mo ṣì ní dòdò Ìkirè díẹ̀ tí mo ní kí wọ́n bá mi rà lọ́sẹ̀ tó kọjá.