Iṣẹ́ Kékeré Kì í Ṣe Ìtìjú



Ìwọ tí o ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, bóyá nítorí ọmọ títọ́, àìsàn tàbí pé wọ́n dá ọ dúró, má ṣe jókòó de iṣẹ́ ńlá nìkan. Fi kékeré bẹ̀rẹ̀.

Wo dòdò Ìkirè. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n jù, tí ẹlòmíràn ì bá dànù, ni àwọn ìyá wa ń fi ata àti iyọ̀ sí, tí wọ́n ń fi epo pupa dín. Ó di ohun tí èrò ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ń rà lọ sílé.

Oníṣòwò ni Abdur-Rahman ọmọ Awf ní Mọ́kà, ṣùgbọ́n ọwọ́ òfìfo ló gbé dé Mọdínà. Sa‘d ọmọ Rabī‘ fẹ́ pín ọrọ̀ rẹ̀ sí méjì fún un. Ó ṣe àdúà fún Sa‘d, ó sì béèrè ọ̀nà ọjà. Wàrà gbígbẹ àti òrí wàrà ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó di ọ̀kan lára àwọn sàábé tó lówó jù.

Bí o bá mọ aṣọ rán, máa tún aṣọ ṣe ní Apòmù. Bí o bá mọ kọ̀ǹpútà, o lè wà ní Orílẹ̀-Òwu kí o máa gba iṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n má gba owó iṣẹ́ tí o kò lè ṣe, má sì yá owó èlé. Bí o bá ṣe iṣẹ́ àwìn, kọ ọ́ sílẹ̀, bí Súúrà Bakara, áyà 282, ṣe pa á láṣẹ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ọmọ tó ń gbìyànjú ṣẹ̀sín. Kí Ọlọ́hun fi bùkátà wa sínú hàláálì. Àmín.