Gbàǹjo Tí Owó Rẹ̀ Ń Gòkè

Bí ẹ bá ya ọjà Ṣágámù, ẹ ó gbọ́ tí àwọn tó ń ta okríkà ń ké "Gbàǹjo! Gbàǹjo!" Owó ti wálẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń pe irú ọjà mìíràn, níbi tí olùrà ti ń fi owó lé owó ara wọn títí yóò fi ku ẹnì kan. Gbàǹjo kejì yìí wà lára ohun tó tú ère àwọn baba wa ká sí gbogbo ayé.

Báyìí ló ṣe ń lọ. Onígbàǹjo á fún ẹrù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, á kọ ìlà kan tàbí méjì nípa rẹ̀ sínú ìwé ọjà. Lọ́jọ́ títà, á dá iye kan. Ẹnì kan á nawọ́, ẹlòmíràn á fi lé e. Bí kò bá sí ẹni tó tún fi lé e, á fi òòlù kékeré lu tábìlì. Ó parí nìyẹn. Kò sí ẹni tó bi í pé iṣẹ́ wo ni ère náà ń ṣe nílé. Ẹni méjì tó du ú kẹ́yìn ló sọ iye rẹ̀. Bí òjò bá dá ọ̀kan dúró sílé, ère náà di ọ̀pọ̀.

Ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà kan rí, ẹyin ẹyẹ àti òdòdó ni wọ́n fi mọ ilé gbàǹjo Stevens ní Covent Garden. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ta ohun ọnà àwọn ará erékùṣù Pàsífíìkì àti tiwa. Ní oṣù kejì 1897, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ààfin Ọba Ovonramwen ní Ìbíní. Kí ọdún náà tó parí, ẹrù Ìbíní ti dé ọ̀dọ̀ Stevens. Oníṣòwò William Downing Webster ya irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ọjà tirẹ̀, ó sì tà lára rẹ̀ fún Ọ̀gágun Pitt-Rivers, tó ń kó irú ohun ọnà bẹ́ẹ̀ jọ. Lẹ́yìn ikú ọ̀gágun, àkójọ yẹn náà tú ká, wọ́n tún un tà.

Ẹ wá wo edan, ère ẹgbẹ́ Òṣùgbó (Ògbóni) ní Rẹ́mọ: akọ kan, abo kan, idẹ lórí irin, ẹ̀wọ̀n so orí wọn pọ̀. Ilédì, ilé ìpàdé ẹgbẹ́ náà, mọ ẹni tí wọ́n rọ ọ́ fún. Nínú ìwé gbàǹjo, orúkọ àwọn tó ti rà á rí ló ń gbé owó rẹ̀ ga, Òyìnbó ló sì sábà máa ń ṣíwájú. Lójú tèmi, pípàdánù orúkọ ẹni tí wọ́n rọ ọ́ fún ju àdánù owó lọ. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ wá orúkọ ìlú àti ti ilé tí wọ́n ti gbé ère náà jáde.