Àgbà Kì í Wà Lọ́jà

Ọ̀rọ̀ kan ti mọ́ àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìjọba lẹ́nu ní Èkó, pé ọmọ tí a kọ́ tí ó gba ẹ̀kọ́ kì í bá àgbà jiyàn. Ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣírò owó, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà ṣeé fara mọ́. Ṣùgbọ́n ní ọ́fíìsì wẹ́fíà, níbi tí ó jẹ́ pé ayé ọmọdé àti ti obìnrin tí ọkọ ń lù ni ó wà nínú fáìlì, n kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: májèlé ni.

Ẹ jẹ́ ká mú un ní àpẹẹrẹ. Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà kan tí kò tíì pé ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ lọ sí ilé kan ní Muṣin, ọ̀kan nínú àwọn ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ogún ènìyàn ń pín ilé ìwẹ̀ kan ṣoṣo. Ó bá ọmọbìnrin ọdún mọ́kànlá níbẹ̀ tí wọ́n mú wá láti abúlé kí ó wá ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Ọmọ náà kì í lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Aago mẹ́rin ìdájí ni ó ń jí láti pọn omi, àpá iná sì wà ní apá rẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà padà dé, ó ní ó yẹ kí àwọn gba ọmọ náà sílẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ta ni nínú wa tí kò gbé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn rí? Ìyà kì í pa ọmọ, ọgbọ́n ni ó ń kọ́ ọ." Ó pa fáìlì dé. Òṣìṣẹ́ náà kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, mà," ó sì jáde.

Àwọn kan yóò sọ pé àṣà ìbílẹ̀ àti ẹ̀kọ́ ìwé ni ó pàdé níbẹ̀, tí àṣà sì borí. Irọ́ ni. Èrò ọkàn ọ̀gá ni ó borí. Ó kàn da aṣọ àṣà bora ni. Bí ọ̀gá náà bá ní ọmọ ọ̀dọ̀ nílé tirẹ̀ ńkọ́, ta ni yóò bi í? Òótọ́ ni pé Yorùbá máa ń fi ọmọ sí ọ̀dọ̀ ẹbí àti ọ̀dọ̀ ọ̀gá iṣẹ́ ọwọ́, púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn pàtàkì wa ni a sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣà kan náà ni ó wí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe náà kò bèèrè ẹni tí ó bí ọmọ. Orí tí ó wọ́ ni ó ń wò. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe tirẹ̀ ní 2007, wo ibi kan náà: òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí a fi ọmọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ lẹ́yìn ilé àti agbo ẹbí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní òfin àti àṣà ń jà níhìn-ín kò ka òfin, kò sì gbọ́ òwe.

Àrùn yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ iṣẹ́ wẹ́fíà ní Èkó ni ó ti wà. Láàrin àwọn ọdún 1940, òyìnbó kan tí ń jẹ́ Donald Faulkner ni ọ̀gá ọ́fíìsì náà. Ìjọba amúnisìn ṣe òfin lórí àwọn ọmọdé ní 1943. Nígbà tí ó di 1946, wọ́n ṣe ìlànà tí kò jẹ́ kí ọmọ tí kò tó ọdún 14 kiri ọjà mọ́, àwọn ọlọ́pàá sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọmọbìnrin tí ń kiri. Lójú òyìnbó, ọmọbìnrin tí ó gbé igbá lórí ti wà lọ́nà ìparun. Lójú ìyá rẹ̀, igbá yẹn ni ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti ń kọ́ ìṣirò owó àti bí a ti ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Àwọn obìnrin ọjà Èkó fi ẹ̀hónú hàn. N kò sọ pé kò sí ewu lójú títì. Ewu wà níbẹ̀ nígbà náà, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ohun tí mo ń sọ ni pé èrò ọkàn ọ̀gá ti di òfin kí ẹnikẹ́ni tó bi ẹni tí ó mọ títì léèrè. Òyìnbó ti dìde kúrò lórí àga yẹn tipẹ́. Àwa tí a jókòó síbẹ̀ kò pààrọ̀ àga.

Wọn yóò ní, "Bí gbogbo ọmọṣẹ́ bá ń tẹ̀ lé ẹ̀rí-ọkàn tirẹ̀, ṣé ọ́fíìsì kò ní dàrú?" Ìbéèrè gidi ni, nítorí ẹ̀rí-ọkàn pàápàá máa ń wọ́. Òṣìṣẹ́ wà tí wọ́n ti sọ fún ní ìjọ rẹ̀ pé ọmọ tí ń ṣe agídí, àjẹ́ ni. Ilé àdúrà ni irú rẹ̀ yóò fẹ́ mú ọmọ tí ó yẹ kí dókítà wò lọ. Òmíràn wà tí yóò sọ fún obìnrin tí ojú rẹ̀ wú pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, bẹ́ẹ̀ Èkó ti ní òfin tí ó lòdì sí ìwà ipá nínú ilé láti 2007. Gan-an nítorí èyí ni a fi nílò àbójútó: kí ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ gbé ohun tí ó wà lọ́kàn wọn síta, kí wọ́n jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Èrò tí a bò mọ́ra ni kò ṣeé tún ṣe. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kò dáàbò bo àgbà rí. Àṣìṣe àgbà ni ó ń dáàbò bò.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Kí ọ̀gá ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìbáà jẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Súrùlérè tàbí ní ilé ìwòsàn ní Yábàá. Kí ó kọ́kọ́ bèèrè pé, "Kí ni ìwọ rí?" kí òun tó sọ tirẹ̀. Bí ohùn wọn kò bá dọ́gba, kí òṣìṣẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ èrò rẹ̀ sínú fáìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọ̀gá, kí adájọ́ lè rí méjèèjì bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù. Bí ẹjọ́ bá sì jọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nílé ọ̀gá fúnra rẹ̀, kí ó gbé e fún ẹlòmíràn. Ní ti ọmọṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò ní kí ó fojú di àgbà. Kí ó kúnlẹ̀, kí ó sì wí tẹnu rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ náà.

Mo mọ̀ pé ọkọ̀ kò tó, pé owó kò sí, pé fáìlì pọ̀ ju òṣìṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kàn lè gbé òṣìṣẹ́ dé ilé tí ìyà ti ń jẹ ọmọ ni. Kò lè fún un ní ẹnu nígbà tí ó bá padà dé iwájú ọ̀gá. Ọ̀gá wẹ́fíà tí kò bá lè gbọ́ "bẹ́ẹ̀ kọ́" lẹ́nu ọmọṣẹ́ rẹ̀, kí ó tètè wá iṣẹ́ mìíràn lọ. Orí ọmọ ni ìjọba ní kí ó wá tọ́jú níbẹ̀. Ìkíni pọ̀ níbòmíràn tí ó ti lè rí i gbà.