Ọyẹ́ Dé: Ẹ Má Fi Iná Pa Òròmọdìẹ

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, tí ètè ń là, tí eruku sì bo òrùlé, ènìyàn nìkan kọ́ ni òtútù ń mú. Ẹ wo ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Àwọn baba ńlá wa kì í dáná fún adìẹ. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àwọn ìyá a kó àgbébọ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé, wọn a sì dé àgò lé wọn lórí lẹ́bàá ògiri. Àwọn kan lérò pé nítorí ológbò àti ejò nìkan ni. Rárá o. Ara adìẹ gbóná tó 41°C, tiwa kò sì ju 37°C lọ. Abẹ́ ìyẹ́ ìyá ni ààrò àwọn ọmọ; ojú ihò àgò sì ni atẹ́gùn ń gbà wọlé, tí ó ń gbà jáde.

Lóde òní, ọ̀pọ̀ ń ra òròmọdìẹ ọlọ́jọ́ kan tí kò ní ìyá. Ìhùùhù lásán ni ó wà lára rẹ̀. Ó di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ìyẹ́ tó bò ó. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ooru 32 sí 35°C ni ó ń fẹ́, a ó sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. N kò bá ẹni tí ó gbé àtùpà tàbí ìkòkò èédú sí i jà. Ohun tí mo kọ̀ ni kí a fi ọ̀rá dí gbogbo fèrèsé, kí a ti ilẹ̀kùn, kí a sì lọ sùn. Afẹ́fẹ́ olóró inú èédú kò ṣeé rí, kò sì ní òórùn. Ó ń pa adìẹ, ó sì ń pa ẹni tí ó ni ín bí ó bá sùn nítòsí. Bí ẹ̀yinná kan bá sì ta sínú ìyẹ̀fun pákó ní àkókò ọyẹ́, ta ni yóò pa á?

Àgò ni kí a wò kọ́gbọ́n. Kí a dí afẹ́fẹ́ nísàlẹ̀ níbi tí àwọn ọmọ ń sùn, kí a fi òkè sílẹ̀, kí ilẹ̀ wọn sì gbẹ. Bí wọ́n bá ń fún mọ́ra wọn, òtútù ni. Bí wọ́n bá sá jìnnà sí iná tí wọ́n ń yanu, ooru ti pọ̀ jù.

Ní ti àgbébọ̀ àti àkùkọ, ìyẹ́ wọn tó wọn. Bí wọ́n bá ń kú lọ́pọ̀lọpọ̀ nígbà ọyẹ́, kí a má ṣe yára di ẹ̀bi ru òtútù. Lùkúlùkú, tí àwọn oníṣègùn ẹran ń pè ní Newcastle, a máa jà gidigidi lásìkò náà, àjẹsára tí a fún wọn kí ọyẹ́ tó dé ni ó sì ń dènà rẹ̀, kì í ṣe iná.