Ẹ Yọ Òdòdó Akíntọ́lá Kúrò Nínú Àgbo

Ẹni tó bá ti roko rí ní Alákìá mọ ewé Akíntọ́lá. Bí àdá bá ṣá ni lẹ́sẹ̀, a ó já a, a ó gbo ó láàárín àtẹ́lẹwọ́ títí omi rẹ̀ á fi máa kán, a ó fún un sójú ọgbẹ́. Ó ń ta ni gan-an, àmọ́ kì í pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dá. Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí. Ní Vietnam, ewé yìí náà ni wọ́n fi ṣe Eupolin, oògùn tí àwọn dókítà ń lò sójú ibi tí iná jó àti ọgbẹ́. Àdá tó bá dípẹtà ṣáà ń fẹ́ abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Èyí tó wà nínú ìgò àgbo ló ń bà mí lọ́kàn jẹ́. Àwọn alágbo kan ń já a tewé tòdòdó, wọ́n ń sè é fún ibà àti jẹ̀díjẹ̀dí.

Tí ọyẹ́ bá dé, igbó ẹ̀yìn pápá ọkọ̀ òfurufú Alákìá á funfun fún òdòdó rẹ̀. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ ó rí tata dúdú oníyẹ́lò, àwọn tó ń ba ẹ̀gẹ́ wa jẹ́, tí wọ́n ṣù bo òdòdó náà. Májèlé kan wà níbẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní pyrrolizidine alkaloid. Tata ń kó o pamọ́ sára kí ohun tó bá fẹ́ jẹ òun lè kórìíra òun. Inú òdòdó àti gbòǹgbò ló ti pọ̀ jù.

Ẹ̀dọ̀ èèyàn kò rí i gbé. Ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di ohun tó ń pa á, díẹ̀díẹ̀, títí ojú á fi pọ́n, tí ikùn á wú. Àwọn ará ilé á ní ibà pọ́njú ni, wọ́n á tún bu àgbo fún aláìsàn náà.

Àwọn alágbo á ní oògùn àwọn baba ńlá wa ni. Baba ńlá wo? Amẹ́ríkà ni igi yìí ti wá. Ìparí àwọn ọdún 1930 ló wọ Nàìjíríà, ó dà pọ̀ mọ́ irúgbìn igi Gmelina. Ewúro ní tirẹ̀ ti bá wa gbé láti ayébáyé, a mọ ìwà rẹ̀. Láti 1992 ni Jámánì ti fi òfin dín irú májèlé inú Akíntọ́lá yìí kù nínú oògùn ewé. Ta ló ń wọn tiwa?

Mo bẹ ẹ̀yin alágbo Ẹgbẹ́dá, ẹ fi Akíntọ́lá sílẹ̀ fún ojú ọgbẹ́. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, bí ẹni tójú rẹ̀ pọ́n bá wọlé, ẹ fi sùúrù bi í léèrè àgbo tó ń mu. Tẹ́ ẹ bá jágbe mọ́ ọn, kò ní sọ.